Ọnà Ilé àti Ọnà Aṣọ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní abẹ́ àpáta Olúmọ, ní ibi tí òrùlé òkúta ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi ní láti tẹ̀ba kí ó tó lè wọlé, àwọn ihò róbótó kéékèèké wà lára àpáta, tí àwọn tí ń mú àlejò ká ibẹ̀ kì í gbàgbé láti fi hàn wọ́n. Ìtàn sọ pé inú ihò wọ̀nyí ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń lọ ohun jíjẹ wọn nígbà tí ogun lé wọn dé ibẹ̀ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣíwájú wọn. Ẹni tí ń sá fún ogun kì í gbé odó rù. Wọ́n wo òkúta, wọ́n rò ó, wọ́n sì sọ ọ́ di odó àti ọlọ. Ihò náà kò ní ẹwà kan tí ènìyàn lè fi yangàn. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí ọnà ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wò.

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò ní gbà pé ọnà ni irú èyí. Lójú tiwọn, ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ọnà: fínfín ara igbá, àwòrán ara òpó ààfin, àrà tí a dá sí ara aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbẹ́ odó tí kò là, oníṣẹ́ ọnà ni. Ẹni tí ó mọ ìkòkò tí kò sán lórí iná, oníṣẹ́ ọnà ni. Ẹni tí ó ṣe òrùlé tí ẹ̀fúùfù kò fi lè ṣí i, oníṣẹ́ ọnà ni pẹ̀lú. Gbogbo wọn ni ó ti kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè iṣẹ́ tí nǹkan náà yóò ṣe, àti ẹni tí yóò lò ó, kí wọ́n tó fún un ní ìrísí.

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó ń sọnù nínú àríyànjiyàn tí ó ń lọ láàrin àwọn ọmọ Ẹ̀gbá lórí ohun àtijọ́ àti ohun titun. Apá kan ń sọ pé kí a wó gbogbo ilé amọ̀ palẹ̀, kí ìlú lè mọ́ lójú àlejò, kí a sì jọ̀wọ́ aṣọ fún ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é kíá. Apá kejì ń kérora pé gbogbo ohun tí àwọn baba ṣe ni ó dára, àti pé ohun òkèèrè ni ó bà á jẹ́. Ọjọ́ orí nǹkan ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn kò wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì tọ ìtàn Ẹ̀gbá lẹ́sẹ̀, yóò rí i pé kò ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́yìn. Nítorí àwọn Ẹ̀gbá kò fi ìgbà kan rí kọ ohun titun nítorí pé ó jẹ́ titun, bẹ́ẹ̀ ni ohun titun tí wọ́n gbà tí ó sì yẹ wọ́n kò wọlé láìjẹ́ pé wọ́n tún un rò.

Kí a mú ìkòkò amọ̀ wá fún àpẹẹrẹ. Ìdí rẹ̀ rí róbótó, kò tẹ́jú. Ọmọ tí a bí sí ilé tí wọ́n ti ń fi gáàsì dáná lè rò pé ẹni tí ó mọ ọ́n kò mọ bí a ti í ṣe ìdí tí ó tẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, ìdí róbótó ni ó ń jókòó dáradára. Iná ń rá a lára yíká, amọ̀ kò sì ní igun tí ó ti lè sán. Bí a bá gbé e kalẹ̀, òṣùká gbà á. Bí a bá gbé e rù, òṣùká kan náà ni. Nígbà tí sítóófù dé, ìkòkò onídìí títẹ́ gba ipò rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ààrò tí ó bí i ni ó kọ́kọ́ lọ. Kò sí ohun tí a ń sunkún sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àmù omi kò rí bákan náà. Amọ̀ àmù kò dí tán. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń gbé èyí tí ó yọ lọ ni èyí tí ó kù nínú ń tutù. Kò bèèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n ti ta àmù nù pọ̀, tí wọ́n fi ike rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì ń mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà nígbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ àmù kò tán. Àmù nìkan ni wọ́n kà sí ohun àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó fi èyí hàn jù lọ. Àdìrẹ tí a fi mọ Abẹ́òkúta jákèjádò ayé kì í ṣe ohun tí ó wà bẹ́ẹ̀ láìyípadà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Aró rírẹ ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ. Ṣùgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ gbágùúdá ṣe ọnà sí lára, kò lè gbilẹ̀ títí aṣọ funfun tí a fi ẹ̀rọ hun ní Manchester fi pọ̀ ní ọjà. Aṣọ òfì nípọn, ojú rẹ̀ kò sì dán; ẹ̀kọ kò lè fa ìlà tín-ín-rín lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá rí ohun tí aṣọ àjèjì náà lè ṣe tí ti ilé kò lè ṣe, wọ́n sì fi ọgbọ́n tiwọn sí i lára. Ọ̀pá méjì àbọ̀ lọ́nà méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀ di ìró kan, ọnà tí ó bá sì wà lára apá kan gbọ́dọ̀ bá ti apá kejì mu.

Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládìrẹ máa ń fi ya ọnà sí aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn gbòde: irin pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé, irú èyí tí a fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tí ó ti òkè òkun wá. Àwọn ọkùnrin ni ó máa ń gé ọnà sí irin náà. Àwọn obìnrin a tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n a sì fi ẹ̀kọ ra á kí ó gba ojú ihò rẹ̀ kọjá sára aṣọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ọnà kan náà lè jáde lára ọgọ́rùn-ún aṣọ láìyẹ̀. Kí ènìyàn ro èyí wò: àpótí tíì tí òyìnbó ti mu ohun inú rẹ̀ tán, òun ni Ẹ̀gbá sọ di ohun èlò ọnà. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àdìrẹ kan jáde tí a ń pè ní Olóba, tí àwòrán ọba àti ayaba wà láàrin rẹ̀. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láyé ni wọ́n ń kọ sí ara aṣọ, bí oníròyìn ti ń kọ ọ́ sí ìwé.

Ìkòkò tí a fi ń ṣe aró pàápàá jẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Méjì ni a máa ń tò léra wọn. Èyí tí ó wà lókè ní ihò ní ìdí. Eérú ni a ń kó sínú rẹ̀, a ó sì da omi lé e lórí. Omi náà a máa kán wálẹ̀ sínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ni a ó sì fi ewé èlú tí a ti gún, tí a sì ti sá gbẹ, sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi bà. Bí a bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ tí a sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i tán ni yóò di aró. Àtibọ̀ kan kò tó. Aró tí yóò dúdú títí yóò fi máa kọ mọ̀nà ń fẹ́ kí a rì í, kí a sá a, kí a tún rì í, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí àwọn aláró fẹ́ dín kù nígbà tí aró òyìnbó àti sódà tí a ń pè ní kọ́sítíìkì wọ ọjà. Ohun tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ohun tí ó ń gba wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n sódà, aṣọ a gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sì fi aró náà ṣe awúrúju, àwọ̀ a ṣí. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó ti ṣọ̀wọ́n káàkiri ayé tí ọjà àdìrẹ sì ń rẹ̀yìn, àwọn oníbàárà láti Senegal àti Gold Coast, tí ó ti di Gánà báyìí, bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá, lábẹ́ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó ń ra aṣọ olówó pọ́ọ́kú kò lè san owó èlú, àti pé òfin náà yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí ní 1936, ní ìkẹyìn òfin náà kò sì lè dúró.

Bí a bá gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò lónìí, ìgbìmọ̀ Aláké jàre ní ti aṣọ, àwọn obìnrin sì jàre ní ti òfin. Òótọ́ ni pé aṣọ tí ó ń ṣí ń ba orúkọ ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n olóyè tí kò ti ọwọ́ bọ aró rí kò lè fi òfin kọ́ aláró ní iṣẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ni ó mọ ibi tí ó ti wúwo. Ìbá ṣe pé a fi owó tí a fi mú àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ́ wọn ní ìwọ̀n tí ó yẹ kí wọ́n lò, bóyá ìjà náà kì bá tí gba bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tó ogójì ọdún lẹ́yìn ìjà yẹn tí kàm̀pálà gbòde, pẹ̀lú àbẹ́là yíyọ́ dípò ẹ̀kọ, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, àwọ̀ òféèfèé àti àwọ̀ ewé dípò aró nìkan. Àwọn àgbà kan fajú ro. Wọ́n ní kì í ṣe àdìrẹ. Ọmọ àdìrẹ ni, àní ọmọ bíbí inú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó gé fóòmù tí ó fi ń tẹ ọnà sí aṣọ ní Ìtòkú ń ṣe ohun kan náà tí ẹni tí ó gé irin àpótí tíì ṣe: ó wo ohun tí ó wà nítòsí, ó sì rò ó. Ohun kan ni ó yẹ kí a bá wọn wí sí, èyí ni omi kẹ́míkà tí a ń dà sí ojú gọ́tà, tí ó sì ń ṣàn lọ sí ibi tí ẹlòmíràn ti ń pọn omi.

Ewu tí ó wà nísinsìnyí yàtọ̀. Aṣọ kan ń wọ ọjà tí a ti fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára ní òkè òkun, tí iye rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aládìrẹ kò lè bá a dù ú. Kò sí ẹni tí ó rò ó níbẹ̀. Wọ́n wo aṣọ tí ìyá kan fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń tu ú jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá. Àwọn kan ń ké sí ìjọba pé kí ó fi òfin dè é. Òfin lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ 1936 yóò mọ̀ pé òfin ọjà kì í pẹ́ kí ó tó rẹ̀, bí olùrà kò bá mọ ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ náà kò sì ṣòro. Kí ènìyàn yí aṣọ dà kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: àdìrẹ tí a rì sínú aró, ẹ̀yìn rẹ̀ mu aró; aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn rẹ̀ a máa funfun. Kí ó wo ọnà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ti ọwọ́ a máa yẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín, a sì máa nípọn díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá mọ nǹkan méjèèjì yìí ti mọ̀ jù ọ̀pọ̀ àwọn tí ń dá ẹgbẹ́jọdá lọ.

Ní ti ilé, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ gbà. Bí àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan, ti Aké, ti Òkè-Ọnà, ti Gbágùúrá àti ti Òwu, ti dé abẹ́ Olúmọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ̀dó, tí olúkúlùkù sì ń jẹ́ orúkọ ìlú tí ó ti wá. Agbo ilé ni wọ́n kọ́. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, tí a ń mọ ní ìpele ìpele, tí a kò sì ní gbé ìpele kejì lé ti àkọ́kọ́ títí èyí yóò fi gbẹ. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Yàrá ṣókùnkùn, òótọ́ ni. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ojú ihò lọ, bí ó bá tilẹ̀ ní rárá. Èyí ni àwọn àlejò máa ń bú jù. Wọn kò ṣàkíyèsí pé inú yàrá kọ́ ni ènìyàn ń gbé. Ibẹ̀ ni a ń sùn, ibẹ̀ ni a ń kó ẹrù sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé, níbi tí òjì wà láìsí oòrùn, tí afẹ́fẹ́ sì wà láìsí òjò. Ògiri nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ọ̀sán kò fi ní ráyè la á kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò orí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣàn sí àgbàlá, ìkòkò sì wà níbẹ̀ tí ó ń gbà á.

Àléébù ilé náà kò kéré. Koríko tàbí ewé ni a fi ń bo òrùlé rẹ̀, bí iná bá sì ran ọ̀kan ní ìgbà ọ̀yẹ́, ìdajì àdúgbò lè lọ sí i. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń tẹ́ àjà amọ̀ sí orí yàrá ẹrù, kí òrùlé lè jó kí ẹrù sì wà láìséwu. Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí darí wálé láti nǹkan bí 1839, wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ àjò wá, fèrèsé onípákó àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́pọ̀. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìbàdàn, ẹrù wíwúwo bíi páànù sì rọrùn láti kó wá. Páànù mú ọ̀rọ̀ iná kúrò, ṣùgbọ́n ó mú ooru wá, ó sì mú ariwo òjò wá. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀lé ìgbà náà ṣe? Wọ́n gba páànù, wọn kò sì jọ̀wọ́ àjà. Wọ́n gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí òkè pẹ̀lú rẹ̀. Irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ wà títí di òní ní àdúgbò Aké àti Ìtòkò àti ibòmíràn, ẹni tí ó bá sì wọ ọ̀kan nínú wọn ní agogo méjì ọ̀sán yóò mọ̀ lára pé ẹni tí ó kọ́ ọ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ilé tí a ń kọ́ nísinsìnyí ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí kò nípọn ni ògiri rẹ̀, oòrùn sì ń là á kọjá kí ọ̀sán tó pọ́n. A ti gé etí òrùlé kúrú kí ilé lè dà bí èyí tí ó wà nínú ìwé àwòrán láti ilẹ̀ tí òtútù ti ń pa wọ́n, tí wọ́n ń wá oòrùn tí àwa ń sá fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti lọ. Fèrèsé onígíláàsì tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ti dé. Bí a bá ṣí i tán pátápátá, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní títì, nítorí apá kan ń bọ́ sí ẹ̀yìn èkejì. Onílé a wá ra fáànù, a ra ẹ̀rọ amúlétutù, a ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fún wọn ní iná, a sì máa ra epo sí i. Bí owó epo bá tán, gbogbo ará ilé a gbé àga jáde, wọ́n a jókòó sí ìta, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbá wà. Kò sí ẹni tí ó fi tipátipá mú wọn kọ́lé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ ti rò pé ilé tí ó jọ ti òkèèrè ni ilé ọlọ́lá, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé níbo ni ẹ ti máa ń jókòó ní ọ̀sán.

Kò sí ohun tí ó sọ pé ilé búlọ́ọ̀kù kò lè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sì ní gba owó púpọ̀ láti kọ fèrèsé sí àríwá àti gúúsù, kí ògiri tí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń lù má ṣe ní púpọ̀ nínú wọn. Ohun titun tí a rò dáradára wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ẹ̀gbẹ́ Olúmọ gan-an, a ṣe àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, tí a ṣí ní 2006, nítorí kí àgbàlagbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó gun òkè lè rí ohun tí àwọn baba rẹ̀ rí. A kò fi ọwọ́ kan ibi tí àwọn ihò wà.

Ní ti àwọn ilé ẹbí tí ó ti gbó, wíwó wọn kì í sábà jẹ́ ìpinnu ẹnikẹ́ni. Ogún mọ̀lẹ́bí ni ó ni ín, olúkúlùkù sì ń retí pé kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ yọ owó. Páànù a dípẹtà, a jó níbì kan, omi a bẹ̀rẹ̀ sí wọ orí ògiri. Ògiri amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ pé lè dúró ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ; èyí tí òjò bá ń wọ̀ lórí kì í ré ọdún mélòó kan kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a pe ìpàdé, wọ́n a ní ilé ti wó, kí a tà á. Ìbá ṣe pé wọ́n ti pe ìpàdé náà ní ọjọ́ tí páànù kọ́kọ́ jó, ìwé páànù mẹ́wàá àti ìṣó ni wọn ìbá dá owó sí.